Obìnrin Tó Fún Àbúrò Mi Lọ́mú Nínú Rélùwéè

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ní láti nà gàn-ùn kí n tó lè rí ìta láti ojú fèrèsé, rélùwéè ṣì ń ná Ìfọ̀ sí Ìlaròó. Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí tí ẹ ń gun ọ̀kadà kọjá níbẹ̀, koríko nìkan lẹ ń rí. Ojú irin yẹn ni mo ti rí ohun tí mi ò tún rí irú rẹ̀ mọ́ títí mo fi di arúgbó tí ẹ ń wò yìí.

Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní Ìfọ̀ ni, wọ́n sì fi àbúrò mi ọkùnrin sílẹ̀, kò tíì pé oṣù méjì. Bàbá wa kò mọ ọmọ tọ́jú, wọn kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá àgbà wa ní Ìlaròó pé kí wọ́n wá dúró dè wá ní ìdíkọ̀ rélùwéè. Wọ́n pọn ọmọ sí mi lẹ́yìn, wọ́n fi ìgò ògì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Tó bá ti ké, fún un.” Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo sì rò pé mo ti dàgbà.

Ibi fáárí ni mo ti bà á jẹ́. Mo gbé ìgò náà sójú fèrèsé kí àwọn ọmọ tó wà nítòsí lè rí i pé ìyá ọmọ ni mí. Bí ọkọ̀ ṣe fà gbọ̀n-ọ́n báyìí, ìgò já bọ́, ó fọ́ yángá, ògì ṣàn lọ sábẹ́ ìjókòó. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a fi dé Papalantó, tí wọ́n dúró pẹ́ tí wọ́n ń já ẹrù, àbúrò mi ti ké títí ohùn rẹ̀ há. Àwọn àgbà ń gbà mí nímọ̀ràn, èyí ní kí n jó fún un, tọ̀hún ní kí n fún un lómi. Nígbà tó yá, kò ké mọ́. Ó kàn ń la ẹnu ni, ohùn kò jáde. Mo rò pé òkú ni màá gbé lé ìyá àgbà lọ́wọ́, ni mo bá bú sẹ́kún.

Obìnrin kan jókòó kọjú sí mi. Láti Ìfọ̀ ló ti ń wo ìta, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò gbé ọmọ dání. Ó ní, “Ìyá rẹ ńkọ́?” Mo ní, “Wọ́n ti kú, mà.” Ó ní, “Gbé e wá.”

Ó tú búbà rẹ̀, iwájú búbà náà sì ti rin kó tó tú u. Ó gbé ọmọ sí ọmú. Bàbá kan tí ẹnu rẹ̀ kò sinmi láti àárọ̀ gan-an yí ojú síta. À ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń gbé e mì, gbùkù, gbùkù. Ìyá kan rọra bi í pé, “Ọmọ tìrẹ dà?” Ó ní, “Kò dúró, mà. Ìjẹta la sin ín.” Omijé rẹ̀ ń kán sórí àbúrò mi, kò sì nù ún. Bí mo bá ti rántí rẹ̀, ara mi a máa bù máṣọ títí dòní. Mo ti bí ọmọ márùn-ún, mi ò mọ̀ bóyá màá lè ṣe é.

Ní Ìlaròó, ó bá mi pọn ọmọ, ó so ọ̀já náà le, ó gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ní, “Ìwọ, dúró o.” Ni rélùwéè bá gbé e lọ sọ́nà Ìdógò.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá àgbà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni orúkọ obìnrin náà. Mi ò béèrè! Wọ́n káwọ́ lérí. Mùsùlùmí ni wọ́n, ààfáà sì ti kọ́ wọn pé ẹni tó bá fún ọmọ lọ́mú ti di ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ ẹni náà ti di ọmọ ìyá rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ fẹ́ra. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ti sọ ìyá àbúrò rẹ nù!” Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ gbéyàwó, ìyá àgbà ti gbó kùjọ́kùjọ́, síbẹ̀ wọ́n ní ká gbé àwọn lọ sílé àna. Wọn kò béèrè ìwà, wọn kò béèrè iṣẹ́. Wọ́n bi ìyá ìyàwó pé, “Ṣé ẹ ti fún ọmọ kan lọ́mú rí nínú rélùwéè?” Ìgbà tí ìyẹn búra pé òun kò wọ rélùwéè rí ni wọ́n tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyàwó tẹ̀ síwájú.

Ayé ti yí padà. Mọ́tò la ń wọ̀ báyìí, kálukú tẹjú mọ́ fóònù, bí ọmọ bá sì ké, wọ́n á ní ó ń dí àwọn létí. Àbúrò mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, òun náà ti di bàbá àgbà. Bó bá ń wa mọ́tò lọ sọ́nà Ìdógò, tó rí ìyá arúgbó lẹ́bàá ọ̀nà, á sọ̀ kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku kó tó gbé wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa fi í rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un níjọ́sí pé obìnrin yẹn lè má sí láyé mọ́.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni kí n wò lójú, kí n ní kì í ṣe òun?”