Nọ́ọ̀sì mi gbé oyún mi lọ sí àsàlátù

Ẹnu aládùúgbò ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ oyún mi láàárọ̀ yìí!

Mo ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ nínú ọgbà wa ní Bàrígà. Ìyá Sodiq já kẹ́ẹ̀gì gbà lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó, má gbé nǹkan tó wúwo mọ́ o. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Ọkọ mi gan-an ò tíì mọ̀! Oyún ti bàjẹ́ lára mi lẹ́ẹ̀mejì, mi ò fẹ́ kó tún yọ̀ kó tún sunkún. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí mi nìkan ni mo sọ fún, torí àwọn ló ń tọ́jú mi látìgbà tí mo ti ń wá oyún yìí.

"Ta ló sọ fún yín, mà?"

"Ṣebí nọ́ọ̀sì yín ló ní ká bá ẹ ṣàdúrà ní àsàlátù wa. Wọ́n dárúkọ ẹ, gbogbo wa ṣe àmín."

Mo pe nọ́ọ̀sì. Mo rò pé wọ́n máa bẹ̀ mí ni.

"Àdúrà tí mo ní kí wọ́n gbà fún ẹ ló ń bí ẹ nínú? Ṣé mo ṣépè fún ẹ ni?"

Ìyá yìí ló di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ tí èkejì bàjẹ́ o. Àwọn náà ló ní tí mo bá rí ẹ̀jẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kí n pe àwọn kí n tó pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ dá mi lóhùn. Tí mo bá wá rí ẹ̀jẹ̀ lọ́la ńkọ́? Ṣé nọ́ọ̀sì ni kí n pè, àbí kí n kúkú pe gbogbo àsàlátù?