Ìpè Tí Màmá Mi Fi Gẹ̀ẹ́sì Pè

Lánàá, oníbàárà kan sọ “Hold on, please” sínú fóònù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, mo sì rántí ọ̀sán kan nígbà èwe mi ní New Benin, ládùúgbò wa ní ìlú Benin.

Èkó ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Kò tíì wálé láti ìgbà tí a ti sọ àbúrò mi lórúkọ, fóònù ọ́fíìsì rẹ̀ nìkan la sì lè pè. Obìnrin tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn kọ́ màmá mi ní ohun tí yóò sọ: “Good afternoon, sir. May I speak to my husband?” Màmá ń tún un sọ, èéfín bọ̀ọ̀lì ń fẹ́ sí wa lójú. Nígbà tí ọkùnrin kan gbé fóònù, Màmá kúnlẹ̀ sórí iyanrìn gbígbóná, ó sì sọ ọ́.

“Mama, him no dey see you o!” Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbé etí sún mọ́ fóònù. “Hold on, please,” ni ọkùnrin náà wí.

“Màmá, ohùn Dádì nìyẹn!”

“Dákẹ́. Ọ̀gá wọn ni.”

A dúró títí ìpè náà fi já. Mo ti wá mọ̀ pé màmá mi kò lè ṣi ohùn ọkọ rẹ̀ mọ̀.

Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún, ó dá fóònù padà.

“Dem call am?”

“Wọ́n ní ó ti wọkọ̀,” ni màmá mi wí. “Ó ń bọ̀ wálé.”