Wajawaja Tí Mo Gé

Nínú gbogbo ọdún tí mo ti fi ránṣọ ní Achara Layout, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo ló ṣe mí bíi kí n ju àlùmọ́gàjí mi nù.

Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí n tó lọ́kọ wá sí Enugu, òfin kan ló fi sí mi létí: aṣọ tí òwú bá ṣì ń já wálẹ̀ lára rẹ̀, a ò tíì rán an tán. Nítorí náà, bí mo bá ti kúrò nídìí máṣíìnì, màá yí aṣọ po, màá gé gbogbo òwú tó yọ.

Ebuka, ọmọ aládùúgbò wa, gbé aṣọ àdúrà rẹ̀ wá kí n fi ìgbátí sí ibi ọrùn rẹ̀. Júù ni wọ́n nílé wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ọjọ́ kejì ni yóò sì kọ́kọ́ dúró láàárín àwọn àgbà. Àdúrà kan wà tí wọn kì í gbà bí ọkùnrin ò bá pé mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Òun ni wọ́n ń retí.

Mo rán ìgbátí tán, mo yí aṣọ po. Òwú gígùn ń já wálẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gé e.

Nígbà tí ọmọ náà dé, ó wo igun aṣọ, ó wo ilẹ̀.

“Mummy Ṣọlá, oṣù kan gbáko ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó rẹ̀.”

Ìgbà yẹn ló yé mi. Wajawaja inú Bíbélì ni, òwú tí Ọlọ́run ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì máa so mọ́ igun aṣọ wọn. Láti kékeré ni mo ti ń kà á. Mo rí i lójú, n kò mọ̀ ọ́n.

Bí oòrùn bá wọ̀, ọjọ́ ìsinmi wọn dé, wọn kì í sì ta kókó nínú rẹ̀. Mo ní kó yá tẹlòmíràn lò. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Mo bá pe àgbà sínágọ́gù wọn, mo bẹ̀bẹ̀. Bàbá bi mí bóyá aṣọ gan-an ya. Mo ní kò ya. Ó ní bó bá jẹ́ òwú nìkan ni, wọ́n lè ta òmíràn kí oòrùn tó wọ̀.

Láìpẹ́, kẹ̀kẹ́ já àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sílẹ̀, Kosi àti Nonso, pẹ̀lú òwú funfun tí bàbá fi rán wọn. Kosi mú igun kan, Nonso mú ìkejì, Ebuka fi méjì yòókù sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó fa kókó àkọ́kọ́ le jù.

“Ewúrẹ́ lò ń so ni?” Kosi bi í. “Tú u. Èmi náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kí n tú tèmi, kí wọ́n tó kà mí sí ẹni kẹsàn-án.”

Ebuka tú u, ó tún un ta. Nígbà tó kan igun ìkẹyìn, ó ní kí n bá òun di aṣọ náà mú kó má baà yẹ̀. Mo dì í mú. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n jáde.

Ọjọ́ Àìkú, bí a ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, Ebuka dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

“Mummy, a pé.”

Ní ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, ọmọṣẹ́ kì í gé òwú bí kò bá tíì bi aláṣọ léèrè.