Áńbúláǹsì Tí Nọ́ọ̀sì Mùjídàt Buwọ́ Lù

Ìrọ̀lẹ́ Alámìísì tó kọjá la sin Nọ́ọ̀sì Mùjídàt sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ ọ̀kadà ló gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn abúlé kan lẹ́yìn Iresa, Martha tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó dì í mú kó má baà ṣubú. Kí wọ́n tó dé Ọjà Igbó, ó ti dákẹ́.

Áńbúláǹsì ńkọ́? Mo bi akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ilé ìwòsàn náà.

"Bàbá, ẹ má bínú. Áńbúláǹsì wà o. On paper ló wà."

Wẹ́rẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń júwe ilé. Ó ti sú mi. On paper, dókítà kan àti nọ́ọ̀sì mẹ́rin ló wà ní ilé ìwòsàn yẹn. On paper, iná kì í lọ. A ti sọ gẹ̀ẹ́sì yìí di àdúgbò tí gbogbo ohun rere ń gbé, kò sì sẹ́ni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ nínú wa.

Ọdún mọ́kànlá ni Mùjídàt fi dá ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́rin. Nígbà tí àbúrò mi Fisáyọ̀ ń rọbí, òjò ṣú, iná lọ, eyín ni Mùjídàt fi di tọ́ọ̀ṣì mú, ó sì ń ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu bá a ṣẹ̀fẹ̀. Obìnrin dáadáa ni.

Ó ṣe àṣìṣe kan. Bí àwọn abẹ̀wò bá ń bọ̀ láti òkè, ọkọ̀ akẹ́rù á ti ṣáájú wọn dé, á já bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà àti fíríìjì sílẹ̀. Wọ́n á yá nọ́ọ̀sì mẹ́ta wá. Mùjídàt á gbé bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tilé rẹ̀ wá tẹ́, kójú má baà ti abúlé. Bí àlejò bá ti lọ, ọkọ̀ á kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tó kàn. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, áńbúláǹsì bá wọn wá. Wọ́n ní kí Mùjídàt buwọ́ lùwé pé òun ti gbà á.

Martha ní, "Mo ní, Àǹtí, ẹ má sáìnì o, wọ́n máa gbé e lọ ni. Àǹtí ní, 'Martha, ẹni tí ò bá sáìnì ò ní rí nǹkan kan gbà.'"

Ọkọ̀ náà lọ, kò padà mọ́. Wọ́n ní ẹni tó kú ni tiẹ̀ gbé. Ní ti Mùjídàt, ẹ̀bi tún lé e dé sàréè: ìwé yẹn ni wọ́n gbé síwájú mi, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ wà. Ṣé òkú ni kí n lọ bi?

Ẹ̀yin ọ̀gá, ta ló wa ọkọ̀ náà jáde lábúlé? Ta ló ń gùn ún báyìí? Ẹ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ọ̀sì alààyè ránṣẹ́. Mo rí ìwé ìpín-iṣẹ́ tuntun tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn lẹ́yìn ìsìnkú. Mùjídàt lẹ kọ sí iṣẹ́ àárọ̀, láti Ajé títí dé Àbámẹ́ta. Aláboyún méjì jókòó dè é láàárọ̀ àná.