Ẹni Tó Mọ Àmì Í Fi Sí

Tí wọ́n bá pè mí síbi ayẹyẹ, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé mo máa ń yí ìdí ife tí wọ́n bá pín sókè, kí n lè mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn á máa jó, èmi á máa fi èékánná ha ara ife wò bóyá yíǹkì rẹ̀ máa ṣí. Ọkọ mi ní àìsàn ni. Mo ní kì í ṣe àìsàn, iṣẹ́ ni. Àmọ́ nínú ara mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. A máa ń tẹ orúkọ àti àwòrán èèyàn sára ohun tí wọ́n bá fẹ́ pín níbi ìkómọ, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àti ìsìnkú: ife, táwẹ́ẹ̀lì, abẹ̀bẹ̀, báàgì. Ìsìnkú ló pọ̀ jù ní Bìní. Uwasota là ń gbé, pálọ̀ wa náà ni ṣọ́ọ̀bù wa. Màṣíìnì tó ń fi iná tẹ ife wà níbi tó yẹ kí àga wà, páálí ife sì ti dí fèrèsé tó kọjú sí títì, débi pé tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀, àfi kí n jáde síta.

Nígbà tí báǹkì dá ọkọ mi dúró, owó tí wọ́n fi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ló fi ra màṣíìnì yẹn àti kọ̀ǹpútà tó tẹ̀ lé e. Kò bi mí bóyá mo fẹ́. Ó kàn gbé e wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó ní, "Madam, see your company." Kí ni kí n wí? Ọkùnrin tó ti ń so táì mọ́rùn lọ síbi iṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá, tí wọ́n wá ní kó máa lọ sílé, tó tún wá ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, ta ló máa lójú láti sọ fún un pé òun kò fẹ́? Mo ní, "Ẹ ṣé, Daddy." Ẹnu ara mi ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Èmi ni mo ń gún un, èmi náà ni mo ń mu ún. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbé àwòrán ife sórí Wáásáàpù kí n tó fọ ẹnu. Mo ti pín abẹ̀bẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn onítòmátì ní ọjà Ekiosa, kí àwọn oníbàárà lè máa ka nọ́ńbà wa nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ra. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń kí aláboyún tẹ̀rín-tẹ̀rín, mo sì máa ń béèrè àlàáfíà àwọn arúgbó lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn, ojú a sì tì mí, torí mo mọ ìdí tí mo fi ń béèrè.

Ohun tó mú kí àwọn Yorùbá ìlú yìí máa wá mi ni àmì ohùn. Yorùbá ni mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn tó ń tẹ ife pọ̀ ní Bìní bí iyanrìn, àmọ́ tí o bá ní kí wọ́n kọ Yorùbá fún ẹ, Ọlọ́run ló máa kó ẹ yọ. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ fi táwẹ́ẹ̀lì dá ọkọ rẹ̀ lọ́lá, ó ní kí wọ́n kọ "Ọkọ mi ọ̀wọ́n" sí i. Wọ́n yọ àmì kúrò, ó di oko. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Oko èwo nìyẹn? Ṣé o ti ra ilẹ̀ láìsọ fún mi ni?" Láti ọjọ́ yẹn, Aunty alámì ni wọ́n ń pè mí.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú yìí ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Pidgin ni wọ́n fi ń dáhùn, wọn ò sì lè kà á. Ọkọ mi gan-an alára, Ìjẹ̀bú ni bàbá àti ìyá rẹ̀, Bìní ni wọ́n bí i sí. Tó bá ń ka Yorùbá, ṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ láìwọ bàtà. Torí náà, ohun tí mo bá kọ ti parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn mi. Inú àwọn ẹlòmíì ì bá máa dùn sí i, ṣe ló ń fún mi lọ́rùn.

Nígbà tó pẹ́, ara mi kò gbà á mọ́. Ẹnì kan tí a jọ kàwé sọ fún mi pé ilé ẹ̀kọ́ kan ń wá olùkọ́ Yorùbá ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti bí mi. Mo kọ̀wé sí wọn láìsọ fún ọkọ mi. Wọ́n dá mi lóhùn: kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, tí mi ò bá dé lọ́jọ́ náà, wọ́n á mú ẹlòmíì. Mo ka lẹ́tà yẹn nínú ilé ìwẹ̀, mo sì sunkún ayọ̀ bí ọmọdé. Mo ti ń rí pátákó, mo ti ń rí fèrèsé tí páálí kò dí. Mo tọ́jú lẹ́tà náà sí àárín àwọn táwẹ́ẹ̀lì funfun tí a kò tíì tẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ kan: kí n sọ fún ọkọ mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé òní ni, ojoojúmọ́ ni mo sì ń bá a níbi tó ti tẹ̀ mọ́ màṣíìnì, tó ń súfèé. Níkẹyìn mo dá ọjọ́ fún ara mi. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí a máa kó lọ sí àdúgbò Oregbeni ní Sátidé. Tí mo bá ti kó o lọ tán, mo máa wálé wá sọ ọ́, lọ́jọ́ Ajé mo máa wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀.

Iṣẹ́ Oregbeni yẹn, obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló gbé e wá. Ìyá rẹ̀ fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún. Ó ní, "Mama na teacher before o. Abeg, write am for correct Yoruba." Ọgọ́jọ ife ló fẹ́, pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì.

Nínú iṣẹ́ wa, èèyàn kì í ya àwòrán tuntun lójoojúmọ́. Èyí tí a ti ṣe fún ẹlòmíì la máa ń ṣí, a ó yọ orúkọ, a ó yọ fọ́tò, a ó fi tuntun sí i. Mo ṣí ọ̀kan tó ní òdòdó pupa dáadáa. Ti ìsìnkú ìyá kan tí a ṣe ní oṣù tó ṣáájú ni. Mo yí fọ́tò padà, mo yí orúkọ padà, mo kọ "A dúpẹ́ ọgọ́rin ọdún" síwájú, mo fi gbogbo àmì sí i. Ọwọ́ mi wà ní Uwasota, ọkàn mi wà ní Ọ̀wọ̀. Mo fi ṣọwọ́ sí obìnrin náà, iwájú àti ẹ̀yìn, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi dáhùn: "Correct. E fine die." Ọkọ mi fi ọjọ́ méjì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ń ro ó, ó sì fi aṣọ nu ife kọ̀ọ̀kan kó tó tò ó sínú páálí.

Ní Sátidé, mo kó ẹrù dé Oregbeni láàárọ̀, kí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Obìnrin náà mú ife kan, ó fà mí lọ́wọ́ wọ yàrá ìyá rẹ̀. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti wọṣọ, wọ́n ń dúró de gèlè. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n mú awò ojú wọn, wọ́n gba ife, wọ́n ka iwájú rẹ̀ sókè bí olùkọ́: "A dúpẹ́ ọgọ́rin ọdún." Wọ́n mi orí. Wọ́n yí i sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ lábẹ́ òdòdó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n fi ń di ife mú. Wọ́n fojú kà á, wọ́n sì tún un kà:

"Sùn re o, ìyá rere."

Ọ̀rọ̀ òkú ni. Mo ti gbàgbé láti yọ ọ́. Ọgọ́jọ ife, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dágbére ibojì fún ẹni tó ń dúró de gèlè.

Ọmọ wọn ń rẹ́rìn-ín. "Mama, wetin dem write for that side?"

Màmá wo ọmọ wọn. Wọ́n wo èmi náà, níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Wọ́n ní, "She say make I sleep well."

"Ehen! See as e sweet."

"Lọ bá mi bu omi wá."

Nígbà tó jáde tán, mo dojú bolẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ dárí jì mí mà. Ti ẹlòmíì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo gbàgbé láti pa á rẹ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ mi gbọ́ mà." Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn, ọkọ mi, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ni mo ṣẹ̀.

Wọn ò bínú. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, èyí tí kò dún síta. "Bó bá jẹ́ èmi alààyè lò ń bá sọ̀rọ̀, wàá ní 'Ẹ sùn re'. Òkú nìkan là ń gé 'ẹ' fún." Wọ́n gbé ife náà súnmọ́ ojú. "Àmọ́ àmì rẹ̀ pé. Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo sọ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mi fún wọn. Wọ́n ní, "Táwẹ́ẹ̀lì ni kí wọ́n pín. Ife yìí, màá sọ fún ọmọ mi pé ó wù mí, mi ò fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, àwọn ọmọ yìí máa kọ 'Adieu Mama' sí gbogbo ara ògiri. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá. Èyí ti wà nílẹ̀ ná, òun ni wọ́n máa pín níbi ìsìnkú mi. Iwájú rẹ̀ nìkan ló kù, ìwọ lo máa wá fi nǹkan tuntun lẹ̀ ẹ́, kí o kọ iye ọdún tí mo bá lò síbẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án." Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn gbẹ, ó sì le. "Ṣé wàá wà níbí?"

Ibi tí ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ ti dé ẹnu mi. Kí n ṣáà sọ pé, "Rárá mà, lọ́jọ́ Ajé ni mò ń lọ." Àwọn ni ì bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láyé tó máa gbọ́ ọ. Mo wo ife tó wà lọ́wọ́ wọn, mo ní, "Mo wà ńbí, mà."

"Búra."

Mo búra.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ti gbálẹ̀ pálọ̀. "Dem like am?" Mo ní, "Ìyá yẹn fẹ́ràn ẹ̀ débi pé wọ́n ní àwọn ò pín in." Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "I talk am! We never even start." Ó ń wo màṣíìnì rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó gbẹ̀bùn nílé ìwé. Mo fi lẹ́tà Ọ̀wọ̀ sílẹ̀ níbi tí mo tọ́jú rẹ̀ sí. Ọjọ́ Ajé dé, ó kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n mú ẹlòmíì ní Ọ̀wọ̀.

Màá sọ òótọ́. Kì í ṣe ìbúra yẹn ló dè mí. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ kò jìn, mo lè ti ibẹ̀ wá lẹ iye ọdún mọ́ ọgọ́jọ ife. Ẹ̀rù ọkọ mi ló ń bà mí, kì í ṣe ìbínú rẹ̀, ayọ̀ rẹ̀ ni. Mo ń wá ẹni tó máa dá mi dúró kí n má bàa sọ̀rọ̀, mo sì rí ìyá arúgbó kan tó bi mí ní ìbéèrè kan.

Màmá ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin báyìí. Ara wọn le koko. Lóṣooṣù ni wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù: "Ṣé o ṣì wà?" Mo máa ń ní, "Mo wà, mà." Màá wá gbàdúrà fún wọn pé wọ́n á pẹ́ fún wa, wọ́n á ṣe àmín ńlá. Tọkàntọkàn ni mo fi ń gba àdúrà náà, torí mo fẹ́ràn wọn. Àmọ́ tí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ màṣíìnì, torí mo mọ̀ pé gbogbo ọdún tí mo bá tọrọ fún wọn, pálọ̀ yìí ni èmi náà máa ti lò ó.