Òpó Méjìlá Kí Òjò Tó Dé

Ìró ṣọ́bìrì tó ń ha ilẹ̀, kàrà, kàrà, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń po kọnkéré, ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi rántí pé òun gbọ́ láyé. Iṣẹ́ náà ló jogún. Má-wọ́ ni wọ́n ń pè é, torí kò sí òpó tó wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọgbà kan tó ṣe wó lulẹ̀. Omi ló dúró sídìí àwọn òpó, tó jẹ irin láti ìsàlẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pè é mọ́, àfi ilé ẹ̀kọ́ kan tó fẹ́ ṣọgbà.

Òpó irin méjìlá ni wọ́n ní kó rì.

"Irin tó ti dípẹtà lẹ fẹ́ rì fún wa?" ni ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà bi í. "Ṣé èyí tó ń dán ti tán lọ́jà ni?"

"Irú irin yìí yàtọ̀, bàbá, ìpẹtà yẹn laṣọ rẹ̀. Tó bá ti wọ̀ ọ́ tán, kò ní jẹrà mọ́. Omi tó bá dúró sí i lẹ́sẹ̀ nìkan lọ̀tá rẹ̀."

Nítorí náà ni orí kọnkéré tó yí ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan ká fi gbọ́dọ̀ yọ bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí omi lè ṣàn lọ.

Nígbà tí Má-wọ́ pọnmi dé, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Ó ti fi ṣíbí bíríkìlà tẹ orí kọnkéré òpó méjèèjìlá wọnú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! Ó ń dán bí abọ́!"

"Abọ́ ni lóòótọ́. O ti bu omi fún òpó mu."

Ojú ọ̀run ti ṣú. Má-wọ́ fi ìka kan kọnkéré. Ó ti ń le. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ojú rẹ̀, ó ń gbé kọnkéré tuntun lé e kó lè yọ. Ó wà lórí òpó kẹrin nígbà tí ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà dé.

"Kí lẹ tún ń bò mọ́lẹ̀?"

Àbúrò ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni irọ́ ìbá ná Má-wọ́.

"Àṣìṣe ni, sà. A tẹ̀ ẹ́ wọnú."

Ẹnjiníà fi bírò gún ìkarùn-ún. "Ó ṣì rọ̀ díẹ̀, ó ṣì gba àtúnṣe. Ṣùgbọ́n bí òjò bá bá yín lórí ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá lọ́la."

Bó ti yẹ̀yìn, àbúrò ju ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ wá tú mi fó lójú ayé!"

"'A tẹ̀ ẹ́' ni mo wí. N kò pe orúkọ rẹ."

Kò dúró gbọ́. Ó lọ.

Má-wọ́ po, ó gbé, ó dán. Kò gbójú sókè. Nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́rùn, ó ti ń fi ọ̀rá bo ìkejìlá. Ó wá kúnlẹ̀ ti páànù tó fi ń gbé kọnkéré, ó ń fọ̀ ọ́ kí sìmẹ́ǹtì tó gan mọ́ ọn. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, kí omi má bàa dúró sínú rẹ̀.