Bàbá Àmì Ohùn àti Ọkùnrin Tó Ń Sùn Nínú Fọ́tò

Ọjọ́ tí ọkùnrin tó ń sùn nínú àwòrán fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọ́fíìsì ni àwọn ará àdúgbò ṣì fi ń rántí olóògbé Bàbá Àmì Ohùn. Nọ́ọ̀sì ni ọkùnrin náà, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó na ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn sókè. Àkòrí rẹ̀ rí gàdàgbà: "Àmì Mẹ́wàá Tí A Fi Ń Mọ Ọ̀lẹ." Lábẹ́ rẹ̀ ni òun alára wà lórí àga, ó lanu sílẹ̀, ó ń sùn fọnfọn.

"Ta ni ọ̀lẹ?" ni nọ́ọ̀sì béèrè. "Ìbejì méjì ni mo gbẹ̀bí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn! Ọmọ mẹ́rin! Mo délé, mo ní kí n jókòó bọ́ bàtà, oorun bá gbé mi lọ. Èmi lẹ wá ń pè ní ọ̀lẹ?"

Bàbá Àmì Ohùn gba ìwé náà, ó wo fọ́tò, ó wo ọkùnrin náà, ó tún wo fọ́tò. "Òótọ́ lẹ sọ," ló wí. "Bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ yín."

Bàbá yìí ni olóòtú ìwé ìròyìn kékeré kan tí wọ́n ń kà lórí bébà àti lórí fóònù. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì wọn, lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, òun àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, tí bàbá sọ ní Atojúùwé, ni gbogbo òṣìṣẹ́. Ohun tó ń jẹ bàbá lógún láyé ò ju àmì ohùn lọ. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé nígbà tí òun kọ lẹ́tà sí i pé òun gbà láti fẹ́ ẹ, lẹ́tà ọ̀hún padà wá bá òun pẹ̀lú máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá.

Àmọ́ ní ti ọ̀rọ̀ fọ́tò, Atojúùwé ló jẹ̀bi, ó sì mọ̀. Òun ló rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òun ló ń fọ́nnu pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ohun tó bá ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti gbogbo ayé ni." Orúkọ ẹni tó ya àwòrán náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbangba, òun náà ló gé e kúrò, kí ojú ìwé lè mọ́ tónítóní. Ọlọ́gbọ́n yìí ló wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì dé, tó ń ṣe bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

"Ta ló mú fọ́tò mi?" ni nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

Bàbá ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Èmi ni," ló wí.

Ọmọbìnrin tí nọ́ọ̀sì bí ló ya fọ́tò náà, iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun sì nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́tà rẹ̀ dé. Ó ní iṣẹ́ òun ni, kò sẹ́ni tó tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ òun, wọ́n tún fi bú bàbá òun. Bí wọn ò bá yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lójú gbogbo èèyàn, ilé ẹjọ́ ló máa parí ẹ̀. Bàbá ka lẹ́tà náà tọkàntọkàn, ó fi bírò pupa tún àmì ohùn mẹ́tàdínlógún ṣe, ó kọ "O gbìyànjú, tẹra mọ́ ọn" sísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó yé e pé ẹjọ́ ni wọ́n fẹ́ pe òun.

"Bàbá, wọ́n máa ti ọ́fíìsì yìí pa!" Atojúùwé ti ń sunkún.

"Jókòó. Bí aránṣọ ìsàlẹ̀ yìí bá sá ẹ̀wù síta, ṣé ó ti di tìẹ?"

"Rárá, Bàbá."

"Tó o bá wá já orúkọ ẹ̀ kúrò lọ́rùn ẹ̀wù ọ̀hún ńkọ́?"

Atojúùwé yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó yọ fọ́tò náà kúrò.

"A ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. A ti wá mọ̀ báyìí. Gbé fóònù ẹ, kó o yà mí."

Bàbá kọ́kọ́ lọ bẹ ọmọ nọ́ọ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn jáde pẹ̀lú àkòrí tuntun: "Àmì Mẹ́wàá Tí A Fi Ń Mọ Olè." Fọ́tò bàbá fúnra rẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ wo olè dáadáa. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní olóòtú. Ó mú iṣẹ́ oníṣẹ́ láìtọrọ, ó tún pe òṣìṣẹ́ ní ọ̀lẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀lẹ àti olè ò pọ̀. Èmi tí mo ń fi àmì ohùn yọ gbogbo ayé lẹ́nu ni mi ò rí i."

Nọ́ọ̀sì àti ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ẹjọ́ sì tán síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, fọ́tò tí oníṣẹ́ rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí, bàbá ò jẹ́ lò ó. Èyí tí wọn ò bá rí, òun fúnra rẹ̀ ló ń dúró kí Atojúùwé ya òun. Nígbà tí wọ́n kọ̀wé lórí eyín dídùn, ó fi aṣọ di àgbọ̀n, ó fajú ro. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àwọn aládùúgbò fi ń bá a kẹ́dùn. Nígbà tó kan ìtọ́jú aboyún, ó ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ ẹ̀wù. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Nọ́ọ̀sì yẹn kúkú mọ ọ̀nà ibí," ló wí. "Ṣé kí n ránṣẹ́ pè é?"

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, bàbá sùn, kò jí. Atojúùwé fẹ́ to ojú ìwé tí wọ́n máa fi dágbére fún un, kò rí fọ́tò tó dáa. Nínú èyí, eyín ń dùn ún. Nínú tọ̀hún, oyún ti wọ oṣù mẹ́jọ. Ìgbà yẹn ló rántí pé ọmọ nọ́ọ̀sì ti ya Bàbá Àmì Ohùn rí, lọ́jọ́ tó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lo fọ́tò bàbá tó wà lọ́wọ́ yín."

"Mo gbà. Ẹ dìde."

Atojúùwé ò dìde. "Fọ́tò tí bàbá yín ti ń sùn nígbà yẹn, èmi ni mo mú un. Èmi ni mo gé orúkọ yín kúrò. Bàbá kàn gbà á rù fún mi ni."

"Mo mọ̀," ni ayafọ́tò wí. "Lọ́jọ́ tó wá bẹ̀ mí, mo bi í pé báwo ló ṣe gé orúkọ mi kúrò lára fọ́tò orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní àlùmọ́gàjí aránṣọ ìsàlẹ̀ lòún yá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Atojúùwé fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ayafọ́tò gbé fọ́tò náà lé e lọ́wọ́, òun náà sì jókòó tì í. Nígbà tí ẹ̀rín tán, kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ nu omijé nínú wọn.